Ta Ni Yóò Bẹ̀rẹ̀ Níbi Tí A Bá Dúró Sí?

 

Iṣẹ́ méjì ni ìgbìmọ̀ tó pè mí gbé lé mi lọ́wọ́. Èkíní, kí n sọ ohun tí mo rò nípa ogún tí ènìyàn ń fi sílẹ̀ sáyé. Èkejì, bí wọ́n bá gbà mí láyè pé kí n pe ẹni tó wù mí wá jẹun alẹ́ nílé mi, ì báà jẹ́ alààyè, ì báà jẹ́ ẹni tó ti di èrò ọ̀run, àwọn wo ni n ó pè? Ẹlòmíràn lè rò pé ìbéèrè kejì wà fún ìgbádùn lásán. Mo gbé e yẹ̀ wò, mo sì rí i pé òun gan-an ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí èkíní. Ẹni tó bá wu ènìyàn láti bá jẹun, nǹkan wà lọ́wọ́ onítọ̀hún tí ó ń wá. Ohun tí a sì ń wá lọ́wọ́ àwọn tó ti lọ ló yẹ kí a máa kó jọ fún àwọn tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Ohun tí a fi sílẹ̀ kò tíì di ogún, àfi bí ẹnìkan bá wà tó lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí a bá dúró sí. Ilé dára, ilẹ̀ dára, owó ní báńkì dára, orúkọ rere sì ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó mọ bí a ṣe ṣe é, tó sì fẹ́ máa ṣe é lọ, ẹrù la kó jọ, a kò tíì fi ogún sílẹ̀.

Bí a ṣe ń pín dúkìá

Kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti ní ètò lórí bí a ṣe ń pín dúkìá. Bí ọkùnrin tó ní ìyàwó púpọ̀ bá kú tí kò ṣe ìwé ìhágún, ọ̀nà méjì ni ẹbí lè gbà pín ohun tó ní. Èkíní ni ìdí igi: a ó pín dúkìá náà sí iye ìyàwó tó bímọ fún un, àwọn ọmọ ìyá kan náà yóò wá pín ìpín tiwọn. Èkejì ni orí ò jorí: iye ọmọ ni a ó kà, olúkúlùkù yóò sì gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Ká ní ìyàwó kan bí ọmọ kan, èkejì bí márùn-ún. Ní ìdí igi, ìdajì ni ọmọ kan ṣoṣo yẹn yóò gbà. Ní orí ò jorí, ìdá kan nínú mẹ́fà ni yóò kàn án.

Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ti tó, ẹ ó mọ ìdí tí ìjà fi ń bẹ́ sílẹ̀. Ẹjọ́ ìdílé kan láti Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an rìn títí ó fi dé iwájú Privy Council ní London. Ní 1962, àwọn adájọ́ ibẹ̀ fara mọ́ ìdájọ́ tí wọ́n ti dá nílé, pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá, àti pé bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, olórí ẹbí lè pinnu pé kí a lo orí ò jorí.

N kò bẹnu àtẹ́ lu ẹni tó bá lọ sílé ẹjọ́ nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé a lè fi ogún ọdún jà lórí ilé tí bàbá kọ́, kí a má sì rí ọmọ kan nínú gbogbo wa tó mọ iṣẹ́ tí bàbá fi kọ́ ọ. Àwọn àgbà ti parí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí kò sọ pé kí a má kọ́lé. Ó ní kí a kọ́ ọmọ mọ́ ilé ni.

Àwọn tí n ó pè

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ́ tábìlì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ bí a bá ń jẹun. Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, n ó bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n yọ̀ǹda fún wa, kí a jẹun, kí a sì sọ̀rọ̀. N ó ro àmàlà, n ó se gbẹ̀gìrì àti ewédú fún àwọn ará Ọ̀yọ́. Láfún yóò wà fún ará Ẹ̀gbá, ìkọ́kọrẹ́ yóò sì wà fún ará Ìjẹ̀bú. N ó dín àkàrà nínú epo pupa fún àlejò tó ń bọ̀ láti Brazil, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń dín in ní ìgboro Salvador títí di òní, tí wọ́n ń pè é ní acarajé.

Ìyá kan ni n ó kọ́kọ́ fún ní ìjókòó. Àfàlà ni orúkọ wọn. Gbogbo wa la mọ ọmọ wọn, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú ya wọ ìlú Òṣogùn, tí wọ́n kó Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, ó sì gbé wọn lọ sí Freetown. Ó di ọdún 1846 kí Àjàyí, tó ti di àlùfáà nígbà náà, tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25 ló wà láàárín.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yìí nìyí. Ọmọ tí ìyá yìí pàdánù kò tíì tó ọmọ ogún ọdún. Ó lọ gbé láàárín àwọn tó ń sọ èdè mìíràn, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní èdè mìíràn, ó gbọ́ ìwàásù ní èdè mìíràn. Síbẹ̀, ní 1843, kó tó rí ìyá rẹ̀, ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá ti jáde. Òun náà ló ṣíwájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ fi wà ní Yorùbá ní 1884. Ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá tó fi bẹ̀rẹ̀? Ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ ní Òṣogùn ni. Orúkọ ìyá kò sí lẹ́yìn ìwé kankan, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ni iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá. N ó bi wọ́n pé: “Ìyá, kí lẹ máa ń bá Àjàyí sọ nígbà tó wà ní kékeré? Àlọ́ wo lẹ máa ń pa fún un?” Mo fẹ́ kí gbogbo ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá nílé lónìí, ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham ní London, mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Àwọn àlejò tí n ó fi sí ẹ̀gbẹ́ ìyá yìí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n: Pásítọ̀ Samuel Johnson àti Dókítà Obadiah Johnson. Ẹ fún mi láyè kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn, nítorí n kò mọ ìtàn ogún tó jù ú lọ nílẹ̀ Yorùbá.

Ìlú Hastings ní Sàró ni wọ́n ti bí Samuel ní 1846, láti ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ó bá àwọn òbí rẹ̀ padà wálé, ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì wá di pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ṣojú rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àgọ́ ogun méjèèjì kí àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886 tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ó ti ń ṣe èyí ló ń bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀, tó ń jókòó ti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, tó ń kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ní 1897 ló parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá. Ní 1899, ìwé àfọwọ́kọ náà lọ sí England pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Obadiah lọ sí England ní 1900, ó tọ ilé ìtẹ̀wé náà lọ. Wọ́n ní àwọn kò rí i. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Samuel kú.

Ẹ dákun, ẹ rò ó wò. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ti sọnù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tó sọ ìtàn náà ti kú. Ẹni tó kọ ọ́ náà ti kú. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí; a ó kàn máa sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n wa kọ ìwé kan nígbà kan rí.” Dókítà ni Obadiah, ìṣègùn ló kọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ sì tó o ṣe. Síbẹ̀ ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé náà kọ.

Àdánwò kò tíì tán. Ní oṣù kìíní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìwé tuntun yìí wọ ọkọ̀ Appam láti Èkó lọ sí England. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Orí ló kó ìwé náà yọ: wọ́n rí i níbẹ̀, ó sì padà dé ọwọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú Samuel, ìwé náà jáde, ó lé ní 600 ojú ìwé. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè kọ ìtàn Yorùbá bó ti yẹ láìṣí i.

Bí a bá ti bu omi fọwọ́, n ó kọjú sí Obadiah, n ó ní: “Dókítà, kí ló mú yín fi ọdún yín jìn fún ìwé tí orúkọ ẹlòmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀?” N ó sì wo Samuel, n ó ní: “Pásítọ̀, kí ló mú yín tọ́jú àwọn àkọsílẹ̀ yẹn lẹ́yìn tí ẹ ti parí ìwé?” Ìdáhùn méjèèjì ni mo nílò. Ká ní Samuel kò tọ́jú àkọsílẹ̀, asán ni ìfẹ́ Obadiah ì bá já sí. Ká ní Obadiah kò fẹ́, ikán ni ì bá jẹ àkọsílẹ̀ náà. Ogún nílò ẹni méjì.

Àlejò kẹrin ni Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, tí wọ́n bí ní 1900. Wọ́n wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abẹ́òkúta Grammar School ní 1914, wọ́n sì di olùkọ́. Wọ́n lè bá àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ wọn jókòó, kí ó tán síbẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà ni wọ́n tọ̀ lọ, wọ́n kọ́ wọn ní ìwé kíkà, wọ́n ń ró ìró bíi tiwọn, wọ́n sì ń sọ Yorùbá fún àwọn aláṣẹ òyìnbó. Nígbà tí owó orí wọ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lọ́rùn, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ló dìde, ìjàkadì náà sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà kan ní 1949. Ní 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ọmọ wọn, wọ́n sì ju ìyá àgbà yìí láti ojú fèrèsé òkè. Ní oṣù kẹrin 1978 ni wọ́n jáde láyé. A máa ń ka àwọn ọmọ wọn tó lókìkí mọ́ ogún wọn, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn nípa àwọn ìyá tí a kò mọ orúkọ wọn, àwọn tó ti inú kíláàsì yẹn mọ̀ pé àwọn náà lè ka ìwé, kí àwọn sì bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀.

Àlejò karùn-ún, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò gbọ́ orúkọ wọn rí: Olóyè Stephen Olúwọlé Awókòyà, ọmọ Awà-Ìjẹ̀bú, ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ la máa ń dárúkọ, wọ́n sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Awókòyà ni Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ tó gbé ìlànà iṣẹ́ náà kalẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ ní 1952. Kí ọmọ tó dé, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wà, olùkọ́ gbọ́dọ̀ wà, owó gbọ́dọ̀ wà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò pé 460,000 ní 1954 lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ̀kọ́ yẹn ni òbí yín jẹ kí ẹ tó jẹ tiyín. Ohun tí n ó béèrè lọ́wọ́ bàbá yìí ni bí ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ tó tóbi tó báyìí kí inú rẹ̀ má sì bàjẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ni ayé ń pè.

Àlejò kẹfà ń bọ̀ láti òkè òkun. Eugênia Anna dos Santos ni orúkọ rẹ̀, Mãe Aninha ni wọ́n ń pè é ní Bahia, orúkọ tó sì gbà nínú ẹ̀sìn ni Ọbábíyìí. Ní 1869 ni wọ́n bí i, ní 1938 ló kú. Òun ló dá Ilê Axé Opô Afonjá, ilé Ṣàngó, sílẹ̀ ní Salvador ní 1910. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, ìran Gurunsi ni wọ́n. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni orin wa, àdúrà wa àti oúnjẹ òrìṣà wa wà, tí wọn kò fi parun níbẹ̀. Ilé náà wà títí di òní, ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè sì wà nínú ọgbà rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń jogún, kó wá jókòó ti ìyá yìí.

Mo mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ilé wa. Aládìrẹ ni ìyá ìyá mi ní Abẹ́òkúta. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣe iṣẹ́ aró. Olùkọ́ àti akọ̀wé ni gbogbo wọn dà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, tí kò bá wa tan rárá, ló kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sára aṣọ, bí a ṣe ń pọn aró, bí a ṣe ń tọ́ ìkòkò aró wò kí a tó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ yẹn náà ti di ìyá àgbà báyìí, òun náà sì ti gba ọmọ iṣẹ́ sọ́dọ̀. Àwa jogún fọ́tò ìyá wa àti àwọn aṣọ rẹ̀ díẹ̀. Òun ló jogún ọwọ́ rẹ̀. Mo ń fi ọpẹ́ sọ ọ́, nítorí láìsí i, iṣẹ́ ìyá wa ì bá ti bá a wọ ilẹ̀.

Ìdí nìyí tí n ó fi fi àga kan sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ kan tó ń béèrè ọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ọmọ mi, ì báà jẹ́ ọmọ aládùúgbò. Òun ni yóò máa bu ọbẹ̀, òun ni yóò sì máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí gbogbo àwọn ẹni ńlá yìí bá wá, tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀, tí èmi nìkan gbọ́ ọ, a kàn jẹun ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Ẹ̀yin ará mi, a kò lè pe Johnson mọ́, a kò lè pe Àfàlà. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàyè tí a lè pè kò lóǹkà, ẹsẹ̀ wọn kò sì ní pẹ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ pe àgbà kan wá jẹun kí oṣù yìí tó parí. Ẹ má pè é nítorí ayẹyẹ tàbí ìdáwó. Ẹ bi í ní oríkì ìdílé, ẹ bi í nípa iṣẹ́ tó ṣe, ẹ bi í nípa ẹni tó kọ́ ọ. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa lè gba ohùn sílẹ̀. Ẹ lò ó. Ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn àwọn fọ́tò àtijọ́ nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní dúkìá, ẹ ṣe ìwé ìhágún, kí ẹ má fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gba ọmọ iṣẹ́, kí ẹ má sì fi àṣírí iṣẹ́ pamọ́ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti iléeṣẹ́, ẹ fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ lè tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró títí wọn yóò fi pè yín. Obadiah kò dúró kí ìjọba rán òun níṣẹ́.

Ní tèmi, olùkọ́ ni mí. Kò sí òpópónà kankan tí wọn yóò fi orúkọ mi pè, n kò sì béèrè fún un. Ohun tí mò ń gbàdúrà fún ni pé, lọ́jọ́ tí n ó bá dáwọ́ dúró, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan mú ìwé mi, kó rí ibi tí mo kù sí, kó sì mọ ohun tó kàn láti ṣe.

Ẹ wo ẹni tó jókòó ti yín yìí. Ẹ bi ara yín pé, nínú ohun tí mo mọ̀, èwo ni mo ti kọ́ ẹlòmíràn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Olódùmarè yóò jẹ́ kí iṣẹ́ wa rí ẹni gbà á ṣe.